Ta Ni Ó Ní Kí A Fi Òṣùwọ̀n Gíríìkì Wọn Ilé-Ifẹ̀?

Gbólóhùn kan wà tí ó ti mọ́ àwọn olùkọ́ kan lẹ́nu, tí ó sì ti di àkọ́sórí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò sílẹ̀. Gbólóhùn náà ni pé, ‘Ṣàngó ni Zeus àwọn Yorùbá.’ Bí wọ́n bá ti sọ èyí tán, ìyókù a máa tẹ̀ lé e bí ìgbà tí ọmọdé ń ka òǹkà: Olókun ni Poseidon, Èṣù ni Hermes, Ògún ni Hephaestus, Ọ̀ṣun ni Aphrodite. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rò pé òun ti fi ìmọ̀ hàn. Olùkọ́ tí ó fún un ní máàkì rò pé òun ti gbé àṣà Yorùbá dé ipò tí gbogbo ayé yóò fi bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà. Ohun tí wọ́n pè ní àfiwé kì í ṣe àfiwé rárá. Òṣùwọ̀n ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọlé, tí wọ́n sì ń fi wọn ọjà tí a kò dá òṣùwọ̀n náà fún.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí pé wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n yìí wá sí Ilé-Ifẹ̀ rí. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, kò fi ẹyọ iyì kan kún iyì Ifẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì fi ta àwọn Gíríìkì lọ́rẹ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1910

Ní ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé sí Ilé-Ifẹ̀. Olùwádìí nípa àṣà àwọn ènìyàn Áfíríkà ni. Ó rí àwọn ère amọ̀ tí ojú wọn jọ ojú ènìyàn alààyè, ó sì rí orí kan tí a fi idẹ rọ, tí ó ti inú Igbó Olókun jáde, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Orí Olókun. Ó fi owó gba púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ó sì fẹ́ kó wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ níwájú àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mú kí ó dá nínú ẹrù náà padà. Síbẹ̀ àwọn ère amọ̀ kan bá a dé Jámánì.

Ìtàn tí ó kó lọ burú ju ẹrù tí ó kó lọ. Ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ìran kan tí ó ga ju ìran aláwọ̀ dúdú lọ ni ó ti tẹ̀dó sí Ifẹ̀ rí. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n wá dá ìletò sílẹ̀ ní etí òkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún 13 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni Atlantis tí àwọn ènìyàn ti ń wá láti ìgbà láéláé, àti pé Olókun tí wọ́n ń bọ ní Ifẹ̀ kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Poseidon. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè sì ti gbé ìròyìn náà kiri láti 1911.

Kí ni ẹ̀rí tí Frobenius ní? Kò rí ìwé Gíríìkì kankan ní Ifẹ̀. Kò rí owó Gíríìkì, kò sì rí sàréè ará Gíríìkì. Kí a wo méjì nínú ẹ̀rí rẹ̀. Èkíní ni pé àwọn orí náà dára jù ní ojú rẹ̀ fún ọwọ́ àwọn tí ó bá nílé. Èkejì ni pé Olókun ni ó ni òkun, Poseidon náà ni ó sì ni òkun. Atlantis fúnra rẹ̀, inú ìwé méjì tí Plato kọ ní ọ̀rúndún 4 ṣáájú ìbí Jésù, èyí tí wọ́n ń pè ní Timaeus àti Critias, ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣáájú Plato sọ ọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbà pé Plato ni ó hun ìtàn náà láti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ìlú. Ìlú tí ó wà nínú ìtàn ni Frobenius wá fi rọ́pò ìlú tí ó wà lórí ilẹ̀, tí Ọba rẹ̀ wà láàfin, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń sọ ìtàn ara wọn fún un.

Kí olùkọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ohun tí ó bá dára, ti Gíríìkì ni. Ohun tí kò bá dára, ti onílé ni. Ẹni tí ó bá ti gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè jàre láéláé, nítorí pé bí ohun ìní rẹ̀ bá ti ń dára sí i ni wọn yóò máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1938, àwọn tí ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí tí a fi idẹ rọ. Nígbà tí wọ́n fi parí iṣẹ́ ní 1939, àwọn orí náà ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé orí kan ṣoṣo ni Frobenius rí, bóyá àlejò kan ni ó gbé e wá. Ní 1949 pàápàá, Leon Underwood àti William Fagg yẹ Orí Olókun wò, wọ́n sì sọ pé ẹ̀dà ni èyí tí ó wà ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Wúnmọníjẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rọ̀ mọ́ orí kan ṣoṣo mọ́. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún kan àwọn ère idẹ ní Ìta Yemòó, Frank Willett sì walẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú ìlànà àwọn awalẹ̀pìtàn. Ekpo Eyo àti Peter Garlake náà walẹ̀ ní àwọn ibòmíràn nínú ìlú.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé láàrin ọ̀rúndún 12 sí 15 lẹ́yìn ìbí Jésù ni púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí ti jáde. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tí Frobenius ní àwọn Gíríìkì dé Ifẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n rọ àwọn orí náà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ìlú wo ni yóò jókòó fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì láìṣe nǹkan kan, tí yóò wá jí ní ọjọ́ kan tí yóò sì rántí iṣẹ́ tí àlejò kọ́ ọ?

Bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà kò farasin. Wọn a fi amọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ orí, wọn a fi ìda bò ó, wọn a sì ya ojú, imú àti ìlà ojú sí ara ìda náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi amọ̀ mìíràn bo ìda, tí wọn yóò yáná sí i kí ìda lè yọ́ jáde, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Àwọn Gíríìkì mọ ọgbọ́n yìí. Àwọn ará Ifẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n tilẹ̀ ju idẹ lọ: bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi rọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé bàbà pọ́nńbélé ṣòro láti dà ju idẹ lọ. Kò sí ìdí tí ẹni tí ó lè ṣe èyí fi ní láti tọrọ ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Áténì.

Ohun tí ó yẹ kí ó dá Frobenius lẹ́jọ́ jù lọ wá láti inú Igbó Olókun náà gan-an. Ibẹ̀ ni ó ti gbé Poseidon wọ ìtàn Ifẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ sí ní ọ̀rúndún yìí, tí wọ́n sì kọ̀wé lé e ní 1917 ó lé ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ní 2017. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, wọ́n rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, wọ́n sì rí èérún tí ó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò, èròjà inú rẹ̀ kò bá ti dígí ilẹ̀ Yúróòpù mu, kò sì bá ti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Ohun tí ó wà ní àyíká Ifẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Ilé-iṣẹ́ àwọn onílẹ̀kẹ̀ ni Igbó Olókun. Ọrọ̀ ni Olókun dúró fún ní Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni ọrọ̀ náà. Ẹni tí ó bá bi àwọn onílé léèrè ohun tí Olókun jẹ́ ì bá ti súnmọ́ òtítọ́ yìí. Ẹni tí ó ti ní ìdáhùn Poseidon lápò kò nílò láti béèrè ohunkóhun.

Òrìṣà kan kì í ṣe ẹ̀dà òrìṣà mìíràn

Olókun yìí náà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ni Poseidon, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Zeus ni, òun ni ó ń mi ilẹ̀ tìtì, òun ni ó sì ni ẹṣin. Nínú ìtàn Ifẹ̀, obìnrin ni Olókun, aya Odùduwà. Kò ní ẹṣin, kò sì mi ilẹ̀. Kí ni ó kù tí àwọn méjèèjì fi jọ? Omi. Bí ó bá jẹ́ pé omi nìkan tó láti sọ ẹni méjì di ẹnì kan, a jẹ́ pé gbogbo apẹja ayé ni ìbejì ara wọn.

Ẹ̀wẹ̀, kí a wo Ṣàngó àti Zeus. Olórí gbogbo òrìṣà ni Zeus lójú àwọn Gíríìkì. Ó bá Kronos baba rẹ̀ jà, ó gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ ènìyàn rí. Ọba ni Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Tápà ni ìtàn sọ pé ìyá rẹ̀ ti wá, ó bínú kúrò láyé, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ní ọba kò so. Kì í ṣe òun ni olórí òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni du ipò Olódùmarè. Àrá nìkan ni ó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan: nígbà tí àrá bá sán ní Ifẹ̀, ta ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè? Ọ̀ràmfẹ̀ ni. Ifẹ̀ ní òrìṣà àrá tirẹ̀, kò sì yá a lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Gbólóhùn tí ó ní ‘Ṣàngó ni Zeus wa’ ti gbá Ọ̀ràmfẹ̀ dànù kí ó tó parí, nítorí pé àyè kan ṣoṣo ni Zeus fi sílẹ̀ fún òrìṣà àrá. Báyìí ni òṣùwọ̀n àjèjì ṣe ń ṣe: ohun tí kò bá wọ inú rẹ̀, yóò dà á nù.

Ti Ògún tún gba àròjinlẹ̀. Arọ ni Hephaestus, àwọn òrìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ares ni ó ni ogun, Homer sì jẹ́ kí Zeus sọ fún un pé òun kórìíra rẹ̀ ju gbogbo òrìṣà lọ. Artemis ni ó ni ọdẹ. Ògún nìkan ni ó ni alágbẹ̀dẹ, ológun, ọlọ́dẹ àti awakọ̀; ẹni tí kò fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra ní kóòtù, irin Ògún ni ó ń fi búra. Ẹni tí ó bá pe Ògún ní Hephaestus ti gé e sí wẹ́wẹ́, ó mú èyí tí ó kéré jù, ó sì fi arọ kún un.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ibi tí irú ìwà yìí máa ń já sí, kí ó wo ohun tí ó dé bá Èṣù. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, orúkọ Èṣù ni wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà ni ọmọ Yorùbá ti ń bú òrìṣà tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, láìmọ̀ pé ìtumọ̀ tí kò péye ni ó ń jà fún. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣàlàyé kí wọ́n tó lè tú u. Èwo ni ká tún wá máa fi ọwọ́ ara ẹni so irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọrùn Ṣàngó àti Olókun?

Àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà

Kì í ṣe pé Gíríìkì kò ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n bá wọn ṣe pọ̀ dáadáa wà nítòsí. Ní 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ eré tí ń jẹ́ Ori Olokun. Orúkọ tí Frobenius fẹ́ fi ta Ifẹ̀ fún Poseidon ni àwọn ọmọ Ifasitì fi pe ilé eré wọn, wọ́n sì gbé ìtàn Gíríìkì wá síbẹ̀ kí ó wá jíṣẹ́ fún Yorùbá. Ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ní ọ̀rúndún 5 ṣáájú ìbí Jésù ni Rótìmí mú, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ bí ó ṣe bá a. Ní oríta mẹ́ta ni Oedipus ti pa baba rẹ̀. Lórí oko ni Odéwálé ti pa tirẹ̀, ohun tí ó sì fà á ni pé arúgbó náà bú ẹ̀yà rẹ̀. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ṣì ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn tí wọ́n wo eré náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ìkórìíra ẹ̀yà lè ṣe.

Síbẹ̀, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ nípa eré yìí nínú ìdánwò? Pé ó fi hàn pé ‘Yorùbá gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí àyànmọ́.’ Àṣìṣe ńlá ni. Nínú ìtàn Homer, Zeus fúnra rẹ̀ fẹ́ gba Sarpedon ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ikú tí a ti kọ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú èrò Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ní apá púpọ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn kan ń sọ pé àkúnlẹ̀yàn kò ṣeé yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní kíkún, kí ni babaláwo ń dá ẹbọ fún? Kí ni ènìyàn ń bọ orí rẹ̀ fún? Kí ni a ń pe ẹsẹ̀ sí, àti ìwà? Àríyànjiyàn gidi ni èyí láàrin àwọn Yorùbá fúnra wọn, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá gbé àyànmọ́ Gíríìkì lé orí Odéwálé ti pa àríyànjiyàn náà kí ó tó gbọ́ ọ.

Wọlé Ṣóyínká náà bá Gíríìkì ṣe pọ̀. Ní 1973 ni wọ́n ṣe eré rẹ̀, The Bacchae of Euripides, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé Ògún nínú àròkọ rẹ̀, kò sọ pé Ògún ni Dionysus. Ohun tí ó sọ ni pé bí a óò bá fi èrò Gíríìkì ṣàlàyé Ògún, àfi kí a kó àbùdá Dionysus, Apollo àti Prometheus pọ̀. Ẹni mẹ́ta kí ó tó kájú ẹnì kan! Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú eré Euripides nípa àwọn obìnrin Troy, ó sì fi kọ Women of Owu, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, nípa ìparun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Kò fi ti Ifẹ̀ pamọ́: àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti ti Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tí wọ́n wó Òwu. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n mọ ilé méjèèjì tinú-tòde kí wọ́n tó la ọ̀nà láàrin wọn. Èyí ni àfiwé.

Èsì fún àwọn alátakò

Àwọn kan yóò sọ pé àfiwé wọ̀nyí ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí pé láti ibi tí a mọ̀ ni a ti ń lọ síbi tí a kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ tí a bí sí Mọ̀ọ́rè tàbí Ìlódè, tí ó ń gbọ́ ìlù ọdún Ọlọ́jọ́ lọ́dọọdún, ṣé Zeus ni ó mọ̀ tí a óò fi ṣàlàyé Ọ̀ràmfẹ̀ fún un? Bí àfiwé yóò bá ràn án lọ́wọ́, kí olùkọ́ yí i padà, kí ó ní, ‘Zeus ni Ọ̀ràmfẹ̀ àwọn Gíríìkì.’ Bí gbólóhùn yìí bá pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, tí ti àkọ́kọ́ kò sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ti fi ẹni tí wọ́n gbà ní ọ̀gá hàn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé láti fi Yorùbá wé Gíríìkì jẹ́ ọ̀nà láti bu iyì fún Yorùbá. Irú iyì wo ni èyí tí ó dúró lórí pé ẹnì kan jọ ẹlòmíràn? Àwọn Gíríìkì gba álífábẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará Fòníṣíà. Herodotus, ọmọ wọn, kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé láti Íjíbítì ni orúkọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òrìṣà wọn ti wá. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé àwọn ará Fòníṣíà ni wọ́n kọ Iliad. Wọ́n jẹ́ kí Gíríìkì gba nǹkan kí ó sì jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kan náà ni ó tọ́ sí Ifẹ̀.

Kí a má sì dárúkọ àìsàn kan kí a fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kan náà wà tí wọ́n wá baba fún Yorùbá lókèèrè. Ìwé Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921 kọ ìtàn Mẹ́kà sílẹ̀, ìwé J. Olumide Lucas tí ó jáde ní 1948 ní Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti wá. Ìfẹ́ ilé ni ó mú wọn ṣe é, wọ́n sì ṣiṣẹ́ tí a kò lè gbàgbé, pàápàá Johnson. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn àti ẹ̀gàn Frobenius pàdé ní ibì kan: wọn kò gbà pé ilẹ̀ yìí lè jẹ́ orísun.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ó dára kí a sọ Gíríìkì di òrìṣà pípé tàbí kí a sọ wọ́n di olè. Ní Áténì tí wọ́n ń yìn fún ìjọba àwọn ará ìlú, obìnrin kò dìbò, ẹrú kò dìbò, àlejò tí ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran kò sì dìbò. Àwọn ère òkúta funfun tí wọ́n fi ń yangàn, oríṣiríṣi ọ̀dà ni wọ́n fi kùn wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ wọn. Ọjọ́ pípẹ́ ni ó sọ wọ́n di funfun. Gíríìkì tí àwọn olùkọ́ kan ń fi wọn Ifẹ̀ kò tilẹ̀ sí rí bí wọ́n ṣe rò ó.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ìbéèrè àfiwé bá wà nínú ìdánwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sá fún un. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn onílé wí nípa òrìṣà tàbí ìtàn náà, kí ó sì dárúkọ ìlú tí ó ti wá, nítorí pé ohun tí Ifẹ̀ sọ lè yàtọ̀ sí ohun tí Ọ̀yọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ohun tí àwọn Gíríìkì wí ní tiwọn. Nígbà náà ni kí ó tó sọ ibi tí wọ́n ti jọra, kí ó sì fi àyè tí ó tóbi sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Kí olùkọ́ tí ń máàkì ìwé náà má fún ‘Ṣàngó ni Zeus’ ní máàkì kankan bí kò bá sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ ṣì wà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ṣì wà ní ilẹ̀ yìí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ kò sì jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé Gíríìkì fún wọn. Kí wọ́n wo ojú tí àwọn baba wọn rọ, kí wọ́n wo ìlà tí ó wà ní ojú náà, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ẹni tí ó ni ín. Orúkọ Yorùbá ni wọn yóò gbọ́.